Ẹja Lórí Okùn Aṣọ

Bàbá mi mọ ọṣẹ ju bí ó ṣe mọ èèyàn lọ. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkẹjà ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tán, nídìí àgbá ńlá tí wọ́n ti ń po ọṣẹ olómi. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, dé, tí náírà di yẹpẹrẹ, tí èròjà òkèèrè kò wọlé mọ́, wọ́n ní kí àwọn tó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ kọ́kọ́ máa lọ. Wọ́n fún un ní owó ìdágbére àti páálí ọṣẹ kan. Ọṣẹ yẹn ni gbogbo wa fi wẹ̀ títí ó fi tán, bàbá mi kò sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà mọ́.

Owó ìdágbére yẹn ló fi sin ẹja. Ọ̀rọ̀ ẹja náà ni mo fẹ́ sọ, bí ó ṣe lé ìyá mi kúrò nílé, àti ohun tí bàbá mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó padà wọlé. Bàbá mi ti kú. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé ilé wa.

Agége là ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn kọjú síra wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá mi mọ tánkì oníbúlọ́ọ̀kù sí, ìdajì rẹ̀ nínú ilẹ̀, ìdajì lókè, gọ́tà ẹ̀yìnkùlé sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó kó ọmọ ẹja àrọ̀ sínú rẹ̀. Ó ní òun yan àrọ̀ nítorí pé àrọ̀ kì í tètè kú. Bí omi bá dọ̀tí, yóò gbórí sókè, yóò gba afẹ́fẹ́ bí èmi àti ìwọ. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò wọ inú ẹrẹ̀ lọ dúró de òjò. Ara rẹ̀ ń yọ̀ ju ilá lọ, yíyọ̀ yẹn sì ni aṣọ rẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀, bàbá mi á dúró létí tánkì, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi." Àwa ọmọ tí ó bí gan-an la máa ń kí i lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá wa lóhùn.

Ìyá mi ń gba aṣọ fọ̀. Àwọn àpọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Ògbà ló ń kó aṣọ wá fún un, kakí tó ti mu gíríìsì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọrùn rẹ̀ ti dúdú. Ó so okùn láti ara igi fúrúùtù dé ara ògiri balùwẹ̀, okùn yẹn kì í sì í sinmi. Owó aṣọ yẹn la fi ń jẹun láti ìgbà tí bàbá mi ti ń dúró de ẹja kó tóbi. Bàbá mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìyá mi kò sì sọ ọ́ rí.

Opó kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ìyá Ọlọ́ṣẹ là ń pè é, nítorí pé ọṣẹ olómi ló ń pò nínú dúrọ́ọ̀mù, tí ó ń rọ sínú kẹ́ẹ̀gì fún àwọn olónjẹ àti àwọn mẹkáníìkì. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Ó fi bí wọ́n ṣe ń po èròjà dúdú tó ki bí oyin hàn án, àti ìwọ̀n omi tó yẹ. Ó sì kọ́ ọ ní ọgbọ́n iyọ̀, èyí tí àwọn ará ilé-iṣẹ́ kì í fi han ará ìta. Ọṣẹ tí a pò tán máa ń ṣàn bí omi lásán, oníbàárà kò sì ní rà á. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ iyọ̀ sí omi, tí a ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ọṣẹ náà á máa ki, á dà bí ẹ̀kọ gbígbóná, oníbàárà á sì gbà pé ojúlówó ni. Iyọ̀ kò fi nǹkan kan kún agbára rẹ̀. Ojú lásán ni.

Ìran ahunṣọ ni bàbá mi, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ọ̀gá kì í kọ́ ọmọ iṣẹ́ tán. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ iṣẹ́ tán, wọn kò ní kí i mọ́. Nítorí náà ó kọ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ bí ọṣẹ ṣe ń ki, kò kọ́ ọ ní ohun tí à ń ṣe bí iyọ̀ bá pọ̀ jù. Ó fi ìyẹn pamọ́ kí obìnrin náà lè máa wá kí i, kí ó máa kúnlẹ̀ pè é ní ọ̀gá. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti lé e, obìnrin yẹn nìkan ló kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé ìmọ́tótó tí ìjọba ológun fi dè wá mọ́lé, tí kálukú gbọ́dọ̀ gbá ojú ilé rẹ̀, kí ó kó ẹrẹ̀ gọ́tà, kí wolé-wolé tó dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Gbogbo wa wà níwájú ilé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì nígbà tí a gbọ́ tí bàbá mi ń pe orúkọ ìyá mi láti ẹ̀yìnkùlé. Kò pariwo. Ó kàn ń pè é, léraléra.

Gọ́tà ti kún lóru, ó ti ya wọ inú tánkì. Ìfófòó bo ojú omi, ó wú ga, ó funfun, ó mọ́ tónítóní. Lábẹ́ rẹ̀ làwọn àrọ̀ ti ń gbórí sókè, tí wọ́n ń la ẹnu, tí wọ́n ń pa á dé. Afẹ́fẹ́ tó ń gbà wọ́n là tẹ́lẹ̀ kò ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé ọṣẹ ti bọ́ yíyọ̀ ara wọn kúrò, ara wọn ti bó pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Àwọn tó ti kú ti dojú ikùn sókè. Bàbá mi ki ọwọ́ bọ omi, ó fi ìka méjì ra á, ó gbé e sí imú.

"Ọṣẹ ni," ló wí. "Níbo lo da omi ìfọṣọ sí lánàá?"

"Ojú títì ni mo dà á sí, bí mo ṣe máa ń ṣe," ni ìyá mi wí. "Kì í ṣe ẹ̀yìn yìí."

"Ta ni alágbàfọ̀ ilé yìí?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ojú títì ni mo dà á sí. Ẹ bi àwọn ará ilé."

Àwọn ará ilé ti pé jọ. Kò sẹ́ni tó rí i pé ó dà á síbí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́rìí pé kò dà á síbí. Kò sẹ́ni tó wo apá ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, bàbá mi pàápàá kò wò ó, nítorí pé ọjà ni ọṣẹ tiẹ̀, ta ni yóò sì da ọjà ara rẹ̀ nù? Òun gan-an ló wá síwájú, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù," ló wí. "Kò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

Mo ti ronú sí gbólóhùn yẹn títí mo fi dàgbà. Adájọ́ kan kò lè dá ẹjọ́ kí ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ìyá mi, ó sì fi ẹ̀bẹ̀ náà dì í mú. Gbogbo àwọn tó dúró ló mi orí pé òótọ́ ni, obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ jù.

Bàbá mi kó ẹja náà jáde. Ó fi okùn tín-ínrín gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kọjá, ó sì so wọ́n rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí okùn tí ìyá mi ń sá aṣọ sí, láti ara igi fúrúùtù dé ara ògiri balùwẹ̀. Ó dojú ọpọ́n ìfọṣọ ìyá mi délẹ̀ sábẹ́ wọn. Àálè ló pa, bí àgbẹ̀ ṣe ń so àkísà àti ṣùkù àgbàdo mọ́ igi kí olè lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí òun. Nígbà tí àsìkò ìmọ́tótó parí, tí ọ̀nà ṣí, àwọn ará àdúgbò wá ń wò ó. Ẹni tó bá béèrè, bàbá mi á fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìyá mi.

Lẹ́yìn náà ló wí fún un pé, "Bí okùn yẹn bá ṣì wà lókè, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹ nílé yìí."

Ìyá mi pọn àbúrò mi tó kéré jù, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Onígbòǹgbò. Èmi àti àbúrò mi kejì ló fi sílẹ̀. Ó ní kí n máa gbọ́ oúnjẹ bàbá mi kí ó má baà bínú sí i. Mo sì ń gbọ́ ọ, nínú òórùn ẹja tó ń rà lórí okùn, tí eṣinṣin bò wọ́n bí aṣọ.

Ọmọkùnrin kan wà ní yàrá ojú títì tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní pólì. Táyà, páànù, àti àwọn àjákù fóòmù tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ń dà nù ló kún yàrá rẹ̀. Àwọn ará ilé gbà pé orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ó ń san owó ilé. Nígbà tó rí ẹja náà, kò bo imú. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n mú ìyàwó wá fún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u," ló wí. "Àátì gidi nìyí. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ mọ nǹkan tí ẹ ṣe."

Bàbá mi ní òun mọ nǹkan tí òun ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà ṣàlàyé fún un pé òun máa kó gbogbo rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Jíàrẹ́ẹ̀, àdúgbò àwọn olówó ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn èèyàn ńlá yóò ti wá wò ó: okùn náà, ẹja náà tí òun yóò yan gbẹ, tí òun yóò fi fánííṣì pa, ọpọ́n náà, òfuurufú tí òun yóò fi fóòmù ṣe. Láàárín gbọ̀ngàn ni àpótí gíláàsì ńlá kan yóò wà, tó kún fún ọṣẹ tó ki, tí ìfófòó rẹ̀ kò ní tètè wálẹ̀. Ó ní òun kò mọ ẹni tó lè po irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ju bàbá mi lọ. Mo rí ojú bàbá mi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní páálí ọṣẹ, kò sẹ́ni tó wí bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó ní kí ọmọkùnrin náà tú okùn náà kí ó máa kó o lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá mi ránṣẹ́ láti Onígbòǹgbò pé ṣé òun lè máa bọ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n sọ fún un pé okùn ṣì wà lókè. Ẹ̀yìnkùlé wa mọ́ fo nígbà tó ń sọ ọ́, aṣọ kankan kò sí níbẹ̀, okùn kankan kò sí níbẹ̀. Jíàrẹ́ẹ̀ ni okùn wà, ó sì wà lókè lóòótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìṣíde ìpàtẹ náà, bàbá mi mú èmi àti Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ sí gbọ̀ngàn náà. Èmi ni mo ń pọn omi. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti ń po ọṣẹ nínú dúrọ́ọ̀mù, bàbá mi jókòó lórí àga, ó ń pàṣẹ bí ìgbà tó wà ní ilé-iṣẹ́. Ọmọkùnrin oníṣẹ́ ọnà yọjú, ó ní kí ọṣẹ náà ki sí i, ó sì padà wọlé lọ gé fóòmù rẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ da omi iyọ̀ sí i. Ó ki. Ó tún dà á sí i, ó ki débi pé ọ̀pá ìpọṣẹ dúró fúnra rẹ̀. Ó tún dà á sí i. Lójijì ni ọ̀pá náà ṣubú lu ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Gbogbo ọṣẹ náà ti di omi ṣooro, bí ẹni pé kò ki rí.

"Ó tún ti ṣe é," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ sunkún.

"Ó tún ti ṣe é báwo?" ni bàbá mi wí. "Ìgbà wo ló ti ṣe é rí?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ ọjọ́un, ọ̀gá. Bó ṣe yí padà mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Bí mo ṣe ń da iyọ̀ sí i kó lè ki padà, bẹ́ẹ̀ ló ń burú sí i. Mo dà á nù, odidi dúrọ́ọ̀mù kan, kí wolé-wolé má lọ bá a nílẹ̀..."

 Kò ní in lọ́kàn láti sọ ọ́ débẹ̀. Ìbànújẹ́ ọṣẹ ló tì í.

"Níbo lẹ dà á sí?" ni bàbá mi bi í.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo ilẹ̀. "Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé," ló wí. "Mo rò pé òjò á gbé e lọ."

 Bàbá mi dìde, ó gba ike omi tó wà lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sínú dúrọ́ọ̀mù, omi lásán tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn. Ó ń rò ó pẹ̀lẹ́, ó ń dà á, ó ń rò ó. Mo fojú ara mi rí i tí ọṣẹ náà ń ki padà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ la ẹnu sílẹ̀. Ohun tí bàbá mi ti fi pamọ́ fún un nìyẹn látọjọ́ yìí, pé bí iyọ̀ bá ti pọ̀ kọjá, omi ló ń mú ọṣẹ ki. Ìkòkò omi kan ì bá ti gba dúrọ́ọ̀mù yẹn là, ì bá ti gba ẹja là, ìyá mi ì bá sì wà nílé.

"Omi?" ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. "Ẹ ò sọ fún mi, ọ̀gá."

"Ẹ ò bi mí."

Ó tún rò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí, láìwo ẹnikẹ́ni nínú wa, pé, "Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde níbí." Ìyá Ọlọ́ṣẹ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Bàbá mi ní kí n lọ pọn omi sí i.

Ọjọ́ ìṣíde, bàbá mi wọ agbádá tó fi ṣe ìyàwó, ó sì mú mi dání. Àwọn èèyàn ńlá ń rìn yí ẹja ká pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ọmọkùnrin náà ń ṣàlàyé pé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹja wọ̀nyí, ìfófòó inú gíláàsì sì ni ìlérí ìjọba. Wọ́n ń mi orí. Màdáàmù kan tó wọ léèsì béèrè lọ́wọ́ bàbá mi pé ta ló ni okùn náà, nítorí ó dà bí èyí tí wọ́n ti lò rí.

"Okùn lásán ni, mà," ni bàbá mi wí. "A kàn rí i nílé ni."

Bí mo ṣe kórìíra bàbá mi nìyẹn. Ìgbà tó lé ìyá mi, ẹ̀rù rẹ̀ ló bà mí. Ìgbà tó gbọ́ òtítọ́ tó dákẹ́, mo rò pé ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ okùn ìyá mi, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́ láéláé. Bí ó bá sọ ọ́, ó di dandan kó sọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi pamọ́.

Mo lọ sí Onígbòǹgbò láìtọrọ àyè. Mo bá ìyá mi nídìí aṣọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé àlejò kì í jókòó lásán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iyọ̀, omi, gọ́tà, gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò dìde, yóò wé gèlè, yóò lọ tú àṣírí wọn níta gbangba. Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, Màámi."

"Má sọ fún ẹlòmíì mọ́. Ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá mi bẹ bàbá yín."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún kí ni? Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ jàre."

Ó wò mí. Kò bínú sí mi. "Ṣé ẹjọ́ ni mo fẹ́ jàre," ló wí, "àbí ilé ni mo fẹ́ wọ̀?"

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú un wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Abúlé Ẹ̀gbá, òun ni àgbà, òun ló jókòó láàárín. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló kó àga wá fún gbogbo wọn láti yàrá tiẹ̀, ó sì dúró ti ẹnu ọ̀nà, nítorí pé aládùúgbò rere kì í sá fún ọjọ́ ìjà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bẹ̀bẹ̀. Ó ní obìnrin lè ṣe àṣìṣe, ẹja sì ṣeé sìn padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òun ti gbọ́, kí ìyá mi wá fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú," ló wí.

Bàbá mi wò ó, ìyá mi sì gbójú sókè wò ó padà. Kò wò ó tìbínú-tìbínú. Ó kàn wò ó, ó pẹ́ díẹ̀, mo sì rí i nígbà tó yé bàbá mi pé ìyá mi ti mọ̀. Bàbá mi wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó wo Ìyá Ọlọ́ṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ojú yóò tì í báyìí, pé yóò ní kí ó dìde, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

"N kò gbọ́," ni bàbá mi wí. "Ẹ má bínú sí kí ni? Kí lo ṣe?"

 Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pàápàá wo àbúrò rẹ̀ pé ó ti tó. Bàbá mi dúró de ìdáhùn.

"Èmi ni mo pa ẹja yín," ni ìyá mi wí.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ni bàbá mi wí. "Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fọ aṣọ ẹnikẹ́ni nílé yìí mọ́."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣeun."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí á gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún ìfẹ́, fún ìfọkàntánni, fún ẹja mìíràn. Àmín Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló ròkè jù.